Orí Fífọ́ Tí Ẹ Ní Kí N Má Sọ

Màámi ọ̀wọ́n,

Mojí wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ọkàn yín lè balẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta lápá ọ̀tún ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti ìgbà tó ti lajú lánàá, kò tíì bá mi sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Orí àga oníke ni mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé ìwé lé orúnkún, mò ń kọ̀wé sí yín. Bí mo bá kọ ìlà méjì, màá dìde lọ wo ojú ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí n yé ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè yé e.

Ẹ ò mọ ọmọ yín yìí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde lára yín ni ojú yín pa dé, ẹ ò sì là á mọ́. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Bàtà ọmọdé ló ń tà ní Sábó. Ó ga jù mí lọ, ó sì lágídí. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo imú bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa lẹ́yìn yín.

Màámi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ wọlé, tí aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ kún ṣọ́ọ̀bù yín ní Mushin débi pé kò sí ibi tí èèyàn lè jókòó sí. Ẹ gbé téèpù kọ́ ọrùn, ẹ fi ẹnu di abẹ́rẹ́ mú, ẹ sì tún ń bá mi sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ò sì bọ́ rí. Ẹ ti bọ́ bàtà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ẹsẹ̀ yín ti wú kọjá bàtà, ẹsẹ̀ lásán lẹ fi ń tẹ máṣìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ pè mí kí n wá bá yín ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ ní ojú abẹ́rẹ́ ti di méjì lójú yín. Ẹ ní iná wẹ́wẹ́ ń fò níwájú yín bí ìgbà tí wẹ́dà bá ń jó irin, orí sì ń fọ́ yín bíi pé kó là. Mo ní kí n lọ pe Bàámi. Ẹ di ọwọ́ mi mú.

“Má sọ fún bàbá yín o. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Tó bá di Sátidé, màá sinmi.”

Mi ò sọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún yín. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé èmi àti ẹ̀yin ní àṣírí tí ẹlòmíì ò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, gìrì mú yín nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bàámi gbé yín sáré lọ sọ́sibítù. Wọ́n rí Mojí yọ láàyè. Ẹ̀yin ò padà wálé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin yín, Bàámi pè mí wọ yàrá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín, wọ́n bi mí pé, “Ǹjẹ́ màámi ẹ sọ fún ẹ pé nǹkan kan ń ṣe òun?” Mo ní, “Rárá, sà.” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ó dáa.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé ọsibítù ló pa yín, pé ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, pé kò sóhun tó ṣe yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Mojí mu dàgbà bí ọmọ ṣe ń mu wàrà. Èmi náà jẹ́ kó mu ún.

Ẹ ò ní mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Yàrá àyẹ̀wò kan ní yunifásítì ni mo wà, níbi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa ń fi láínì sínú gáùn àwọn oníbàárà yín kí aṣọ má baà ha wọ́n lára. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ní láínì, àfi pé láínì tirẹ̀ wà láàyè. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni wọ́n, ìpele kan ṣoṣo, wọ́n sún mọ́ra bí táìlì. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn kọjá lórí wọn, tàbí tí ara bá ránṣẹ́ sí wọn, kálísíọ́mù á rú sókè nínú sẹ́ẹ̀lì. Kálísíọ́mù yìí ló ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké kan tí pọtásíọ́mù ń gbà jáde. Bí pọtásíọ́mù bá ti ń jáde, iná mànàmáná ara sẹ́ẹ̀lì náà á yí padà. Ìyípadà yẹn á ran ẹran tó yí iṣan ká, ẹran náà á dẹ̀, iṣan á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ráyè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára gbogbo wa ní gbogbo ìṣẹ́jú nìyẹn, a ò sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn aboyún kan wà tí olóbì wọn, ìyẹn ibi ọmọ, ń tú nǹkan burúkú sínú ẹ̀jẹ̀, tí nǹkan ọ̀hún á ba láínì yẹn jẹ́. Ilẹ̀kùn pọtásíọ́mù ò ní ṣí dáadáa mọ́. Iṣan á fún. Ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, ẹsẹ̀ àti ojú á wú, orí á máa fọ́, iná á máa fò lójú. Tí wọn ò bá tètè rí i, gìrì ló kàn.

Màámi, ọdún kejì mi ní yunifásítì ni mo kọ́kọ́ ka ìyẹn nínú ìwé. Inú kíláàsì ni mo wà. Mo dìde, mo jáde, mi ò padà wọlé lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ rò pé ibà ń ṣe mí. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ yìí nìkan ni mò ń ṣe. Mo máa ń gbé kúlà lọ sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí láti gba ìwọ́ ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó bá yọ̀ǹda fún wa, a ó ṣí iṣan inú ìwọ́, a ó kó sẹ́ẹ̀lì láínì rẹ̀ sínú àwo. A ní oje kan tí a máa ń fi sí i, tó jẹ́ pé bí kálísíọ́mù bá ti rú nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á tàn yòò lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Ọ̀kan á tàn, á ran èkejì, á ran ẹ̀kẹta. Lára àwọn tí a fi omi ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún tí àìsàn yìí ń ṣe sí, mo máa ń rí i tí kálísíọ́mù rú, tí ó tàn, tí ilẹ̀kùn pọtásíọ́mù ò sì dáhùn. Mo máa ń wò ó títí ojú mi á fi máa ta mí. Kí ni mò ń wá níbẹ̀? Ṣé ẹ rò pé mo mọ̀?

Nígbà tí Mojí lóyún fún Ràfíù ọkọ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ lọ́sibítù. Ó kọ̀. Ilé Ìyá Abíyè, àgbà agbẹ̀bí kan ní àdúgbò rẹ̀ ní Mushin, ló forúkọ sí. Mo wá ń gbé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílé Mojí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó dára títí oyún fi wọ oṣù keje. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀, mo pa Sátidé méjì jẹ. Méjì péré, Màámi.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀sán gangan, mo wọlé mo bá a tó jókòó, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ abọ́ omi tútù. Ojú rẹ̀ ti wú. Mi ò tilẹ̀ kí i kí n tó bi í.

“Kí ló ṣe ẹ́?”

“Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀. Ooru yìí ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọjọ́rú.”

Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Mo tú u, mo tún so ó. Ó tún lé díẹ̀. Mojí fi ọwọ́ bo imú, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀rọ yín ti dàrú, Àǹtí mi. Ẹ wọn tara yín wò.”

Mo wọn tèmi níṣojú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀ kúrò nítòsí mi, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

“Ẹ má sọ fún Ràfíù o. Ọkọ̀ ló ń wà lọ sí Ìlọrin, mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú lójú ọ̀nà. Tó bá dé lọ́la, èmi fúnra mi á sọ fún un.”

Màámi, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ọmọ tí kò gbóhùn yín rí ló ń sọ ọ̀rọ̀ yín fún mi, mo sì tún di ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo fi òwú sọ́wọ́. Mo ní kó dìde, ọsibítù la ń lọ.

“Ibi tí wọ́n ti pa màámi?”

“Mojí, dìde.”

“Mi ò lọ.”

Mo sáré lọ pe Ìyá Abíyè, ilé kẹta sí ti Mojí. Ọkàn mi ń sọ pé wọ́n máa bá mi jà, pé wọ́n á ní mo fẹ́ gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n dé, wọ́n kúnlẹ̀ tàgbà tàgbà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Mojí. Ojú ibẹ̀ jìn, kò sì padà. Wọ́n gbójú sókè.

“Mojí, èyí ti kọjá ọwọ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ẹ.”

“Ìyá, màámi náà tẹ̀ lé wọn lọ. Ṣé wọ́n padà wálé?”

Ìyá Abíyè wò mí. Mo mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ míì tó kù bí kò ṣe ẹyọ kan. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi náà.

“Ọsibítù kọ́ ló pa màámi. Orí ti ń fọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé wọn débẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú báyìí. Iná ń fò lójú wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún Bàámi, mi ò sì sọ. Nígbà tí Bàámi bi mí, mo purọ́.”

Mojí ò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá dùn mọ́ mi ju bó ṣe wò mí lọ.

“Gbogbo ọjọ́ ìbí mi,” ó ní, “Bàámi máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí ni. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀yin á wá gbé mi kúrò níbẹ̀, ẹ ó ra súìtì fún mi. Ẹ sì mọ̀.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, ìkan, lẹ́yìn náà ìkejì. Ó nawọ́ sí Ìyá Abíyè kí wọ́n fà á dìde, kò nawọ́ sí mi. Ó ní, “Ẹ lọ pe kẹ̀kẹ́.”

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti pe Ràfíù. Mo tẹ̀ ẹ́ níṣojú Mojí, mo sọ gbogbo ẹ̀ láìfi ìkan pa mọ́. Ó ní òun máa yà sẹ́bàá ọ̀nà, òun á wá ẹni tó máa bá òun wa ọkọ̀ náà dé Ìlọrin, òun ń padà bọ̀. Mojí gbórí lé èjìká Ìyá Abíyè, ó di ojú. Nígbà tó yá ó ní, “Iná ń fò lójú mi.” Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fèrè láìdákẹ́.

Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ mí. Oníwọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń pè mí níbẹ̀ nítorí ìwọ́ tí mo máa ń wá gbà. Ó rí mi, ó ní, “Oníwọ̀ọ́, ẹ ò gbé kúlà lónìí?” Mo ní, “Àbúrò mi ni.” Ó wo ẹ̀yìn mi, ó rí Mojí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ni ojú Mojí lọ sókè, tí ẹnu rẹ̀ fún pọ̀, tí apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màámi, mo ti rí i rí. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ti rí i. Ẹsẹ̀ mi kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ti yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó ń pariwo kí wọ́n gbé magnísíọ́mù wá. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Mò ń ka ìṣẹ́jú àáyá nínú ọkàn mi, mo kà á dé ọgọ́ta. Kí n tó kà á dé àádọ́rùn-ún, gìrì náà dáwọ́ dúró.

Ohun tí magnísíọ́mù ń ṣe, mo lè kọ́ kíláàsì kan nípa rẹ̀. Ó máa ń dí kálísíọ́mù lọ́nà kó má baà ya wọlé bó ṣe wù ú, kí iṣan lè dẹ̀, kí ọpọlọ sì rọlẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, ó lè dá èémí dúró, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù sẹ́bàá orí rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì sì ń fi òòlù kékeré gbá orúnkún rẹ̀ wò léraléra, bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi síta, mo rí i pé mo mọ orúkọ gbogbo ilẹ̀kùn tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, mi ò sì lè ṣí ẹyọ kan. Ìyá Abíyè fi gèlè wọn nu ojú fún mi.

Obìnrin ni, Màámi. Ó kéré púpọ̀. Bí mo bá tẹ́ apá mi, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá ni ó gùn mọ. Igbe rẹ̀ dà bíi ti ọmọ ológbò, ṣùgbọ́n ó ké. Wọ́n ti gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé móoru. Nọ́ọ̀sì àgbà jáde sí mi, ó gbé abọ́ lọ́wọ́, ó rọra ní, “Ṣé kí n tọ́jú ìwọ́ yìí fún yín?” Inú ìwọ́ yẹn ni gbogbo ohun tí mò ń wá láti gbogbo ọdún yìí wá wà. Mo wò ó. Mo ní kó kó o fún Ràfíù tó bá dé, pẹ̀lú olóbì, kó lọ rì í mọ́lẹ̀. Bàbá ọmọ ló ni ín.

Sátidé nìyẹn. Àná ni Mojí lajú dáadáa. Ó bèèrè ọmọ. Ó bèèrè Ràfíù. Ó bèèrè omi. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, “Èmi kọ́ lẹ kọ́kọ́ purọ́ fún, ẹ pe Bàámi.” Ó sì kọjú sí ògiri.

Mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàámi ń gbé báyìí, nílé wọn. Mo pè wọ́n, mo kí wọn, mo sọ pé Mojí ti bímọ, pé ó là á já. Nígbà tí wọ́n parí ọpẹ́, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ níṣojú àwọn tó ń kọjá, mo sì sọ ọ́. Òwú, abẹ́rẹ́, iná ojú, ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní irọ́ ni mo pa fún wọn lọ́jọ́ náà.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

“Ẹ ń gbọ́ mi, sà?”

“Mò ń gbọ́.” Wọ́n wá ní, “Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fi omi gbígbóná jó o fún un lálẹ́ Ọjọ́rú. Mo ní ọmọkùnrin ló wà nínú rẹ̀, pé ọmọkùnrin ló máa ń wú ẹsẹ̀ ìyá bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì jọ fi rẹ́rìn-ín.”

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

“Nígbà tí mo bi ẹ́ léèrè,” wọ́n ní, “rárá yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo sì gbà á lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́wàá.”

Wọ́n ti wọkọ̀ láàárọ̀ yìí. Ràfíù ló máa lọ pàdé wọn ní gáréèjì Jíbówú.

Ṣé ẹ mọ̀, Màámi? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n rí i, pé èmi náà rí i, pé ẹ̀yin fúnra yín rí i, tí gbogbo wa ń dúró de Sátidé? Ṣé ẹ̀rù bà yín rárá, àbí ara aṣọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni ọkàn yín wà? Mo ti ń bínú sí yín fún ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì mọ̀ pé ìbínú ni. Ẹ dárí jì mí. Èmi náà ń gbìyànjú láti dárí jì yín.

Mo sọ ohun tí Bàámi wí fún Mojí, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò yíjú. Mo padà jókòó sórí àga, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ó ti tó wákàtí kan báyìí. Ẹ̀rọ ń ka ogóje lórí àádọ́rùn-ún, nọ́ọ̀sì ní ó ń rọlẹ̀. Níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn Mojí mí kanlẹ̀, ó fi ìgúnpá ti ara rẹ̀, ó sún mọ́ ògiri díẹ̀, àyè kékeré kan sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ṣí i fún, àbí ojú ọgbẹ́ ló ń dùn ún. Mi ò bi í. Mo dìde lórí àga, mo jókòó síbẹ̀. Kò ní kí n dìde.

Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo ti ń kọ ìlà yìí.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tó ń fẹ́ yín síbẹ̀síbẹ̀.